Àtúnṣe: Kì í ṣe wèrè àti alágbe nìkan ló ń sùn síta n'Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé kò sí aláìnílé n'Ìbàdàn, pé wèrè àti alágbe Sábó nìkan ló ń sùn síta, torí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò ní agbo ilé. Irọ́ ni.

Kí n má purọ́, èmi náà ti gbà á gbọ́ rí. Àmọ́ ẹ dé ọjà Bódìjà kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Mo rí ọ̀dọ́kùnrin kan lábẹ́ ìsọ̀ aláta: ó ká páálí tó sùn lé, ó fi omi inú ọ̀rá bọ́jú, ó fi ìyókù yọ ẹnu, ó wá ti báárò rẹ̀ jáde. Tó bá di aago mẹ́jọ, òun náà ló máa bá yín gbé ìrẹsì dé ìdí mọ́tò. Ta ló máa mọ̀?

Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n owó ọdún kan gbáko ni onílé ń gbà, ká tó kan ti àgírímẹ́ǹtì àti ti ajẹ́ǹtì. Ibo ni alábàárù ti fẹ́ rí i kó jọ lẹ́ẹ̀kan?

Ilé gan-an sì máa ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Omíyalé Ògùnpa ba ilé jẹ́ lọ́dún 1980, òmíràn tún dé lóṣù kẹjọ 2011. Nígbà tí nǹkan bú gbàmù ní Bódìjà ní ọjọ́ 16 oṣù kìn-ín-ní 2024, ẹni tó jí nílé ara rẹ̀ láàárọ̀ ń wá ibi sùn lálẹ́.

Mo bi ọmọkùnrin yẹn léèrè agbo ilé wọn.

“Ọjàaba ni, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti tà á.”