Ọkọ̀ òkun tó pẹ́ lójú omi kọ́ ló ń jó epo jù

Àìmọye ìgbà ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó gbọ́n: "Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá rọra lọ, ṣebí yóò pẹ́ lójú òkun ni? Epo tí kò jó lónìí, yóò jó o lọ́la." Mo mọ ibi tí èrò yìí ti wá. Ẹni tó bá ti jókòó wákàtí mẹ́ta nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ mọ ohun tí táńkì rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kò sí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lójú agbami. Omi ni ọkọ̀ òkun ń bá jà.

Ẹ wọ odò tó mù yín dé ìbàdí. Ẹ rọra rìn, omi á yà fún yín. Ẹ wá sáré: omi yẹn kan náà á máa ti itan yín sẹ́yìn, kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ mẹ́wàá, ẹ ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bó ṣe rí fún ọkọ̀ tó gùn tó 400 mítà náà nìyẹn. Bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po 2, agbára tí ẹ́ńjìnnì máa lò á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po 8.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ọkọ̀ kan ń sá eré 20 nọ́ọ̀tì (nọ́ọ̀tì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 2 ní wákàtí kan), ó ń jó 100 tọ́ọ̀nù epo lóòjọ́, ó sì fi ọjọ́ 20 dé ibi tó ń lọ. 2,000 tọ́ọ̀nù nìyẹn. Kí ọ̀gá ọkọ̀ wá dín eré kù sí 18 péré. Yóò lo ọjọ́ 22 àti wákàtí bíi 5, àmọ́ epo òòjọ́ á já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 73 tọ́ọ̀nù. Gbogbo rẹ̀ á jẹ́ 1,620. Mo ti ka ọjọ́ tó fi pẹ́ mọ́ ọn o! Tọ́ọ̀nù 380 ló kù sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ tọ́ọ̀nù kan epo dúdú yìí ń tú carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná, tó lé ní tọ́ọ̀nù 3 sójú ọ̀run.

Wọ́n á tún ní ọkọ̀ á ní láti pọ̀ sí i. Òótọ́ ni: níbi tí ọkọ̀ 9 ti tó, ẹ máa nílò 10. Ṣùgbọ́n iye ìgbà tí ẹrù ń sọdá òkun kò yí padà, epo ìrìn kọ̀ọ̀kan ló sì fi ìdá 19 nínú 100 dín. Jẹnẹrétọ̀ tó ń fún kọ̀ntẹ́nà ẹja dídì níná á ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjì sí i. Ìyẹn á bù díẹ̀ nínú èrè náà, kò lè jẹ ẹ́ tán.

Àwọn ọlọ́kọ̀ pàápàá mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé ayé dojú dé ní 2008, Maersk, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ti Denmark, àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ dín eré kù nítorí owó epo.

Èyí tó ń dùn mí jù ni eré àsádúró. Ẹ dúró sí etíkun Tarkwa Bay, ẹ ó rí ọkọ̀ tó ju ìdákọ̀ró sómi, tó ń retí àyè. Ọkọ̀ tó bá fi ọ̀sẹ̀ kan sáré, tó wá fi ọ̀sẹ̀ kan dúró, kí ló fi epo yẹn rà? Ní èbúté Los Angeles àti Long Beach ní Amẹ́ríkà, ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń gba ipò iwájú tẹ́lẹ̀, gbogbo wọn sì ń sáré wá tò síbẹ̀. Ní September 2021, ọkọ̀ tó ń dúró lé ní 70 lọ́jọ́ kan. Ní November ọdún yẹn, wọ́n yí òfin padà: ìgbà tí ọkọ̀ bá kúrò ní èbúté tó ti ń bọ̀ ni wọ́n fi ń fún un ní ipò. Ọ̀gá ọkọ̀ tó bá ti mọ ipò rẹ̀ látòkèèrè, kò sí ohun tó ń lé e mọ́.