Ẹ Tú Lógò Sílẹ̀, Kẹ́ ẹ Di Orúkọ Mú

Àwọn ọ̀dọ́ kan fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wọn ní Linux, software tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni wọ́n bá gba Àgbowó n'Íbàdàn lọ láti tẹ bánà. Ọ̀gá tó ń tẹ̀ ẹ́ gbé lógò software ọ̀hún tí wọ́n rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì sínú CorelDRAW, ó fà á títí tó fi tó ìwọ̀n, ni gbogbo ẹ̀ bá fọ́ wúruwùru, ló bá ní ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá, èyí ò lè jáde o, ẹ lọ gba ojúlówó fáìlì ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Àwọn tó ni ín ní kí wọ́n kọ lẹ́tà tọrọ àṣẹ. Wọ́n kọ ọ́. Ìgbà tí ètò ti parí, tí wọ́n ti dá àga tí wọ́n háyà padà, lèsì wọlé.

Software tí wọ́n fẹnu ara wọn sọ pé kí tọmọdé tàgbà gbà lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n tú inú ẹ̀ wò, kí wọ́n tún un ṣe, ṣé àwòrán iwájú ẹ̀ ló wá yẹ ká máa dọ̀bálẹ̀ fún? Ní tiwa o, a ò rí ọgbọ́n ńbẹ̀. Kí wọ́n gbé lógò sílẹ̀ lábẹ́ láísẹ́ǹsì Creative Commons BY-SA: lò ó, yí i padà, tà á pàápàá, ṣáà dárúkọ ẹni tó yà á, kó o sì jẹ́ kẹ́lòmíì rí tìẹ náà lò bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní àwọn yahoo á gbé e. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù lásán, a mọ ibi tá à ń gbé. Ṣùgbọ́n trademark, tó ń dáàbò bo orúkọ àti àmì ọjà, ló ń dá irú wọn dúró, kì í ṣe copyright, tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́, òfin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni: ní Nàìjíríà níbí ti copyright jẹ́ òfin 2022, ti trademark ti wà láti 1965. Ẹ fi wé aṣọ ẹbí. Gbogbo àdúgbò ló lè bá wa ra àǹkárá ká jọ jó ní Mápó, a tiẹ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá torí aṣọ wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé òun fẹ́ bá wa pín ilẹ̀ bàbá wa, á gbọ́ ohun tí ò fẹ́ gbọ́.

Wikimedia, àjọ tó ń bójú tó Wikipedia, ṣe é lọ́dún 2014, wọ́n tú lógò Wikipedia sílẹ̀, trademark ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Pẹ́ńgúìnì tó jẹ́ àmì Linux, tí Larry Ewing yà ní 1996 ńkọ́, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó ṣáà dárúkọ òun àti GIMP, software tóun fi yà á, ẹ wo ibi tó dé lónìí. Àwọn tó há tiwọn mọ́wọ́ ńkọ́? Ní 2006 Debian, àwọn kan tó ń ṣe Linux pín fáráyé, ní láísẹ́ǹsì lógò Firefox, software tá a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, ò ṣí tó, Mozilla tó ni Firefox ní bẹ́ ò bá lo lógò ẹ ò gbọdọ̀ lo orúkọ, ló bá di Iceweasel lọ́dọ̀ Debian títí di 2016. Ọdún mẹ́wàá, nítorí àwòrán kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀! (Lógò Debian fúnra ẹ̀ ò tíì ṣí nígbà yẹn o, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n tó tú u sílẹ̀.)

Fọ́ǹtì, ìyẹn bí lẹ́tà ṣe ń rí tá a bá tẹ̀ ẹ́, náà ńbẹ̀. Lórí bánà Àgbowó yẹn, gbogbo ibi tí ẹ àti ọ wà ló ń di àpótí òfìfo, torí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì ọ̀hún ò rántí pé Yorùbá wà láyé. Ká ní abẹ́ Open Font License, láísẹ́ǹsì tó jẹ́ kẹ́ni tó bá fẹ́ tún fọ́ǹtì ṣe, ló wà ni, ọmọ Ìbàdàn kan ì bá ti jókòó fi àmì sí i fúnra ẹ̀.