Ibi Tí Ajẹ́lẹ̀ Sùn Sí

Aago mẹ́fà kò tíì lù lọ́jọ́ Ẹtì náà tí fóònù mi fi pariwo. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti darúgbó mọ ohun tí ìpè ìdájí ń ṣe fún àyà. Mo já a gbà lórí àga, mo wò ó: kò sẹ́ni tó kú. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà l'Ékòó ló kọ̀wé sórí WhatsApp: "Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú àtàtà, ẹ palẹ̀ mọ́. Lópin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ilé ajẹ́lẹ̀ là ń lọ sùn. Aṣọ: káàkì tàbí funfun. Akẹtẹ̀ òyìnbó wà lọ́dọ̀ akápò, ẹ tètè sanwó."

Mo kà á, mo tún un kà. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló máa ń fi oṣù mẹ́ta jà lórí àwọ̀ léèsì tí a ó wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba. Lórí káàkì, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ohùn fi ṣọ̀kan. Ẹ̀wù àwọn tó ń lé bàbá àgbà wa wọ igbó nítorí owó orí ló wá di ẹgbẹ́jọdá.

Àṣà tó gbòde nìyẹn. Láyé àtijọ́, bí owó bá bá ọmọ Ìjẹ̀bú, á kọ́lé, á sìnkú, á gẹṣin. Nísinsìnyí, bí owó bá bá a, ibi tí òyìnbó sùn sí ló ń wá kiri, kí òun náà lè lọ sùn síbẹ̀. Àgbádárìgì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nídìí ilé alájà tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ parí ní 1845. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ iléèwé ni bọ́ọ̀sì ti kó lọ síbẹ̀ rí, iyì rẹ̀ ti wọmi. Ni wọ́n bá kọjá sí Kàlàbá, níbi tí wọ́n ti gbé odindi ilé ìjọba wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1884, tí wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi ní wẹ́wẹ́, tí wọ́n wá tò ó pọ̀ sórí òkè. Ẹni tó dúró sáàárín igbó kìjikìji tó kún fún igi, tó wá ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n fi pákó ránṣẹ́! Ìyẹn làwọn èèyàn wa ń wọ bààlúù lọ wò, tí wọ́n ń mirí, tí wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ náà ní ọgbọ́n.

Nígbà tó yá, ẹnìkan rántí pé òyìnbó sùn n'Íjẹ̀bú náà. Ilé kan tí ajẹ́lẹ̀ gbé rí ń bẹ, wọ́n ti kùn ún ní funfun, wọ́n ti so iná wínníwínní mọ́ ọn lára, wọ́n sì ti sọ ọ́ di ilé ìtura. Mi ò ní dárúkọ ìlú tó wà. Wọ́n ṣì jẹ mí lówó yàrá tí omi kò yọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí irú ẹni tí a jẹ́. Àwa ni ayé ń sọ nípa rẹ̀ pé, "Ìjẹ̀bú Òde, àjèjì kò wọ̀ ọ́, bí àjèjì bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀, wọn a fi ṣẹbọ lálẹ́." Owó ibodè wà lára ohun tí à ń jẹ nígbà náà. Ẹrù tó ń ti òkè lọ sí ọ̀sà, àárín wa ni yóò gbà; èyí tó ń ti ọ̀sà bọ̀ wá sókè, àárín wa náà ni; èyíkéyìí tó bá sì kọjá, yóò ju nǹkan sílẹ̀. Àwọn oníṣòwò Èkó kò lè mú un mọ́ra. Ní 1892 ìjọba òyìnbó tó wà l'Ékòó ní ká ṣílẹ̀kùn ọ̀nà fún gbogbo ayé, ká máa gba £500 lọ́dún dípò owó ibodè. Ẹ gbà mí, ẹ̀yin èèyàn: wọ́n ń dá iye lé ọmọ Ìjẹ̀bú! Ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀, Carter tó jẹ́ gómìnà Èkó sì kó ọmọ ogun àti ìbọn Maxim dìde lóṣù May ọdún yẹn. Ní Ìmàgbọ̀n la ti ko wọ́n lójú. Ẹ mọ bó ṣe parí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ajẹ́lẹ̀ dé, tó ń wá ibi tí yóò sùn.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí mo dé ẹnu géètì ilé ajẹ́lẹ̀ náà, ọmọkùnrin kan ta okùn dábùú ọ̀nà. Ó ní bí mi ò bá san owó ìwọlé, mi ò ní kọjá. Mo ní mo ti san owó yàrá. Ó ní owó yàrá yàtọ̀, owó ọ̀nà yàtọ̀. Ó kù díẹ̀ kí n gbá a mọ́ra. Oníbodè! Gbogbo ọta tí wọ́n yìn ní Ìmàgbọ̀n, òfo ló já sí.

Àjèjì ńkọ́? A bá tọkọtaya òyìnbó kan níbẹ̀, àárọ̀ ni wọ́n ti wọ̀lú. Nígbà tó dalẹ́, wọ́n mú wọn jókòó sídìí tábìlì iwájú, wọ́n to òdòdó yí wọn ká, wọ́n tan àbẹ́là. Mo wo òdòdó náà títí, mo ní kó má lọ jẹ́ pé ẹbọ ọ̀hún ló fẹ́ wáyé.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ilé. Ilé náà dára. Wọ́n gbé e lé òpó kí ikán àti ọ̀rinrin ilẹ̀ má bàa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yí i ká fẹ̀ débi pé oòrùn kò rójú ráyè dé ògiri. Àjà rẹ̀ ga, fèrèsé kọjú sí fèrèsé, afẹ́fẹ́ ń gba ọ̀tún wọlé, ó ń gba òsì jáde. Ẹni tó kọ́ ọ mọ̀ pé oòrùn yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ òun. Àwa tí a ní oòrùn wá ń kọ́lé oní-gíláàsì l'Ékòó, a ń fi jẹnẹrétọ̀ tù ú lójú. Níbi tí mo ti ń ro èyí lọ́wọ́ ni ọ̀gá ilé ìtura wá sọ fún wa pé wọ́n ti dí gbogbo ihò atẹ́gùn òkè pa, nítorí ẹ̀rọ amúlétutù.

Afinimọ̀nà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin ìgàn, mú wa wọ yàrá ńlá. Ó ní àga tó wà níwájú wa yìí, Lugard jókòó sórí rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo abẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù káfíńtà ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà mọ́kànlá gbáko. Ó fi bẹ́ẹ̀dì hàn wá, ó ní orí rẹ̀ ni ọbabìnrin Elizabeth sùn nígbà tó wá ní 1956. Lóòótọ́ ni ọbabìnrin wá lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ tó lò ní Nàìjíríà kò ju bí ogún lọ, tó bá sì jẹ́ pé ó sùn sórí gbogbo bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti fi hàn mí, kò lè rójú jí kí àwọn lọ́balọ́ba tó kí i.

Ohun tó fẹ́ tú wa ká ni abẹ̀bẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ aláṣọ gbàràmù kan ni wọ́n so mọ́ àjà yàrá ìjẹun, okùn rẹ̀ gba ihò ògiri lọ sí ìta. Láyé ọjọ́un, ọmọ kan á jókòó síta, á máa fà á láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kí ara lè tu ọ̀gá. Gbogbo ẹgbẹ́ ló fẹ́ ya fọ́tò lábẹ́ rẹ̀. A jókòó yí tábìlì ká, èèyàn mẹ́rìnlá, akẹtẹ̀ mẹ́rìnlá, àyà yọ síwájú bí ẹni pé àwa la ni Kíńgì. Ayafọ́tò ní abẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ máa mì, ká fi ẹnìkan síbi okùn. Kẹ́kẹ́ pa. Alága wo akọ̀wé, akọ̀wé wo akápò, akápò ń wo fóònù. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fa okùn. Nínú gbogbo ìdílé tó wà nídìí tábìlì yẹn, kò sí ọ̀kan tó ní ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ìtàn rẹ̀. Bóyá àwa la kó ìbọn Maxim wá. Ìgbẹ̀yìn, wọ́n pe dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì wa. Ọmọ Òde Rẹ́mọ ni. Ó ní òun á fà á, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, owó lọ́wọ́. Òun nìkan ni mo rí níbẹ̀ tó jọ ọmọ ilẹ̀ wa.

Lẹ́yìnkùlé ni ilé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ wà, yàrá kótópó mẹ́rin lábẹ́ igi máńgòrò. Jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé ibẹ̀ báyìí. Kò sẹ́ni tó ya á.

Oúnjẹ alẹ́ dé. Wọ́n ní bí ajẹ́lẹ̀ ṣe ń jẹun gan-an nìyí: ọ̀dùnkún bíbọ̀, ewébẹ̀ tí iyọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti ẹran kan tó le bí ìdájọ́ rẹ̀. Bàbá kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé kúùkù òyìnbó ni bàbá tó bí i, ó sì ti fi èyí pamọ́ fún wa látọdún yìí. Ó fi fọ́ọ̀kì tẹ ẹran náà, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Tí bàbá mi bá gbé irú èyí síta, òyìnbó á lé e." Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà ni àwo kan.

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, mo rọra yọ jáde. Nígbà tí mo ń bọ̀ lọ́sàn-án, imú mi ti gbọ́ ìkọ́kọrẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo dé búkà ìyá náà, mo rí i tó ń kó ìkòkò sínú ilé pẹ̀lú ìkánjú, tí ọmọbìnrin rẹ̀ ń pa iná. Mo ní, "Ìyá, ẹ kú alẹ́ o, ṣé ó ti tán ni?" Ló bá kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti san tọdún yìí. Rìsíìtì wà nílé. Ẹ má kùn ún sí mi lára ògiri."

Káàkì tí mo wọ̀ ló rí. Ìyá náà ti gbà pé àwọn tó ń fi ọ̀dà pupa sàmì sára ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ ni mí. Mo gbé e dìde, mo ṣí akẹtẹ̀ kúrò lórí, mo fi ìyá mi búra pé ebi ló ń pa mí. Kó tó dìde tán ló fọwọ́ sọ àyà, ó tún ń tọ́ka ẹ̀yìn mi: alága, akọ̀wé àti akápò ló ń bọ̀ nínú òkùnkùn, káàkì mẹ́ta, akẹtẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ń yọ́ rìn. Ìyá ní, "Áà! Ẹ wá kó odindi ọ́fíìsì wá!" Nígbà tí ọ̀rọ̀ yé e, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fi owó kún owó ìkọ́kọrẹ́ nítorí ìpayà tí a kó bá a. Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni ẹgbẹ́ wa ti jẹun àjẹyó, ẹja yíyan méjì méjì, ẹnìkan kò ya fọ́tò.

Lọ́jọ́ Àìkú tí à ń padà, a yà sí Ìkẹ́nnẹ́ kí alága lè kí àbúrò ìyá rẹ̀. Mo ní níwọ̀n ìgbà tí ìtàn là ń bá kiri, ilé Awólọ́wọ̀ rèé nítòsí, ilé tí ọmọ Rẹ́mọ fi owó ara rẹ̀ kọ́. Wọ́n ní káàkì kò bá ibẹ̀ mu. Ìlú tí Tai Solarin ti wọ ṣòkòtò káàkì kúkúrú títí ọjọ́ alẹ́, ìlú tó dá iléèwé Mayflower sílẹ̀ sí lọ́dún 1956 tí ọbabìnrin ń ti orí bẹ́ẹ̀dì kan bọ́ sí òmíràn, káàkì kò bá a mu! Ọkọ̀ ṣí.

Ibi tí èmi náà ti jẹ̀bi rèé. Bàbá àgbà mi, tó ta kòkó, tó ta gbànja, kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí Ìjẹ̀bú Òde, ọwọ́ bíríkìlà tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé. Òdòdó sìmẹ́ńtì yí fèrèsé rẹ̀ ká, kìnnìún méjì jókòó sórí géètì. Ọ̀kan kò ní imú mọ́. Páànù rẹ̀ ti ṣí lápá kan, òjò méjì sí i, àjà á wó. Oníṣòwò kan ti wá bẹ̀ ẹ́ wò, ó fẹ́ wó o kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Èyí kì í ṣe nǹkan tuntun: Ilojo Bar tó wà ní Tinúbú l'Ékòó, ilé Àgùdà láti 1855, tí ìjọba tìkára rẹ̀ kà sí ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè, ọjọ́ Àìkú kan ní September 2016 ni wọ́n wó o lulẹ̀.

Mo kọ ọ́ sórí WhatsApp ìdílé pé ká dá owó páànù. Èèyàn mọ́kànlélógójì ló wà níbẹ̀. Mẹ́ta fi àwòrán ọwọ́ àdúrà ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà ní nǹkan le lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, owó tó wọlé kò ra ìṣó.

Mi ò mọ ohun tó gún mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Mo kọ ọ́ pé: "Ẹ̀yin ẹbí, ṣé ẹ mọ̀ pé ajẹ́lẹ̀ kan sùn sí ilé yìí lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ká a mọ́ ọ̀nà?" Irọ́ funfun báláú. Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, Kánádà ti ń pè. Yàrá wo ni? Ṣé ti iwájú? Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, owó páànù pé, owó ọ̀dà lé. Ìyá wa àgbà, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, sọ nínú fídíò pé ojú òun báyìí ló ṣe, pé òyìnbó pupa gíga kan ni, ó jẹ ìkọ́kọrẹ́, ó sì béèrè àfikún. Ọmọ bàbá kan náà tí a kì í bára wa sọ̀rọ̀ pè mí, ó ní yàrá bàbá tòun ni ajẹ́lẹ̀ sùn sí, kí n má fi gbé ti ẹlòmíì.

Wọ́n ti fi mí ṣe alága ìgbìmọ̀ yàrá ajẹ́lẹ̀. Páànù ti dé òkè, wọ́n ti lẹ imú padà mọ́ kìnnìún lójú. Bẹ́ẹ̀dì ló kù. Mo rí ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá tó ń ta àlòkù, onírin, orí rẹ̀ jẹ́ idẹ. Mo bi ìyá náà bóyá ẹni pàtàkì kan sùn sórí rẹ̀ rí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí látòkè délẹ̀.

Ó ní, "Ta lẹ fẹ́ kó jẹ́?"