Kì í ṣe owó òyìnbó ló bí ìjọba tiwantiwa ní Kùtọnú

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń ṣe àríyànjiyàn òṣèlú láàárín wa: pé àwọn òyìnbó ló fi owó fa ilẹ̀ Adúláwọ̀ wọ ìjọba tiwantiwa. Wọ́n á ní ọdún 1990 ni ààrẹ Faransé, François Mitterrand, kó àwọn olórí ìjọba Áfíríkà jọ sí ìlú La Baule, tó sì là á mọ́ wọn lójú pé ẹni tí kò bá gba ìlú rẹ̀ láyè láti yan ẹni tó wù wọ́n, kó má retí ìrànwọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Wọ́n ní ọjọ́ náà gan-an ni ẹsẹ̀ àwọn apàṣẹwàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Orílẹ̀-èdè Benin, alámùúlétì wa tí ọ̀pọ̀ nínú wa kàn ń pè ní Kùtọnú, ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Orí ìgbàgbọ́ yìí ni èkejì gùn: pé bí Báǹkì Àgbáyé àti IMF, àjọ tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè lówó, bá lè di àpò wọn mọ́ apàṣẹwàá kan lójú fún oṣù mélòó kan péré, yóò palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ka oṣù lórí ìka. Ọjọ́ 20 oṣù Òkúdu 1990 ni Mitterrand sọ̀rọ̀ ní La Baule. Ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù Èrèlé ọdún yẹn kan náà ni àpérò gbogbogbòò tó gba agbára lọ́wọ́ Mathieu Kérékou, ààrẹ Benin, wáyé ní hòtẹ́ẹ̀lì PLM Alédjo ní ìlú Kùtọnú. Kí Mitterrand tó la ẹnu, Nicéphore Soglo ti wà nípò olórí ìjọba fìdíhẹ láti oṣù Ẹrẹ́nà. Àwọn ará Benin ti se ọbẹ̀ wọn tán kí ẹni tí à ń yìn fún un tó dáná.

Kí ló wá gbé Kérékou dé bèbè kòtò? Owó oṣù ni. Ológun ni ọkùnrin náà. Ìbọn ló fi gbàjọba ní oṣù Ọ̀wàrà 1972, nígbà tó sì di 1974 ó ní ìlànà Marx àti Lenin, pé ìjọba ni kó máa darí ọrọ̀ ajé, ni ilẹ̀ náà yóò máa tẹ̀lé. Àwọn báǹkì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, wọ́n sì ń yá àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àtàwọn tó sún mọ́ ìjọba lówó tí ẹnikẹ́ni kò rántí dá padà. Nígbà tí 1988 fi máa wọ 1989, àwọn báǹkì ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dẹnu kọlẹ̀. Ẹ fojú inú wo olùkọ́ kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tí wọ́n jẹ lówó oṣù fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó ní díẹ̀ tó ti fi pamọ́ sí báǹkì, ó mú ìwé rẹ̀ lọ, akọ̀wé tó wà lẹ́yìn fèrèsé sì dá a lóhùn pé kò sówó. Iye tó fi pamọ́ wà nínú ìwé o, ó pé, kò dín kọ́bọ̀. Owó ni kò sí nínú ilé owó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú ń rí fún oníṣòwò ọjà Dantokpa ní Kùtọnú tó gbẹ́kẹ̀ lé wọn.

Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1989 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti bọ́ sí títì nítorí owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí wọn kò rí gbà. Àwọn olùkọ́ tẹ̀ lé wọn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tẹ̀ lé àwọn olùkọ́, iṣẹ́ dáwọ́ dúró ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní ọ́fíìsì. Kérékou sáré lọ bá IMF àti Báǹkì Àgbáyé, wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn àtúntò ọrọ̀ ajé ní oṣù Òkúdu ọdún náà. Ibí yìí gan-an ni ó yẹ kí a dúró díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìtàn tí wọ́n ń sọ fún wa ti fọ́. Kí ni àwọn ayánilówó béèrè? Wọ́n ní kí owó tí ìjọba ń ná lórí òṣìṣẹ́ dín kù, kí wọ́n ti àwọn iléeṣẹ́ ìjọba tí kò mówó wọlé pa tàbí kí wọ́n tà wọ́n, kí wọ́n tún àwọn báǹkì ṣe. Ìdìbò kò sí nínú ohun tí àdéhùn náà gbé lé wọn lọ́rùn. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yan iṣẹ́ lódì wá rí i pé owó tí wọ́n ń wá tẹ́lẹ̀ ni àdéhùn náà tún fẹ́ dín kù. Inú bí wọn sí i. Bí ọwọ́ IMF bá wà nínú ìṣubú Kérékou, ibi tí àwọn tó ń yìn ín kò fojú sí ló wà.

N kò ní parọ́ pé àwọn ará òkèèrè kò ní ipa kankan. Faransé àti àwọn mìíràn rí i pé àpò náà ti jò, ó sì ti sú wọn láti máa da owó sí i láìsí àyípadà kankan nídìí ìṣèjọba. Ìyẹn wúwo lọ́kàn Kérékou ní oṣù Ọ̀pẹ 1989, nígbà tó kéde pé òun ti fi ìlànà Marx sílẹ̀, pé òun yóò sì pe àpérò. Ṣùgbọ́n ká ní àwọn òṣìṣẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kan ṣáájú ìgbà náà, ìlérí mìíràn lásán ni ọ̀rọ̀ náà ìbá dà.

Àpérò ọ̀hún fúnra rẹ̀ tó ìtàn. Àwọn aṣojú tí wọ́n sún mọ́ 500 ló jókòó, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ló darí wọn, rédíò sì ń gbé e jáde fún gbogbo ìlú. Ìjà tó le jù níbẹ̀ ni bóyá ìmọ̀ràn lásán ni wọ́n wá gba ààrẹ, tàbí ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí ló jẹ́ àṣẹ. Wọ́n dìbò, wọ́n ní àṣẹ ni. Kérékou ní ọmọ ogun, ó sì lè kó wọn wá. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ó gba ohun tí wọ́n pinnu. (Àwa ará Nàìjíríà tí a ti ń pariwo irú àpérò aláṣẹ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà, ẹ jẹ́ ká dákẹ́ lórí ìyẹn.) Ní 1991 Soglo fi nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò na Kérékou. Soglo yìí ti ṣiṣẹ́ rí nínú ìgbìmọ̀ olùdarí Báǹkì Àgbáyé, àwọn ayánilówó fẹ́ràn rẹ̀ dọ́ba. Ní 1994 wọ́n dín iye owó CFA tí wọ́n ń ná níbẹ̀ kù sí ìdajì, ìyà jẹ mẹ̀kúnnù, nígbà tó sì di 1996 àwọn ará Benin dìbò lé e lọ, wọ́n sì fi ìbò gbé Kérékou padà. Ẹ ò rí i pé ìlú tó lè lé ẹni tí Báǹkì Àgbáyé fẹ́ràn kì í ṣe ìlú tí Báǹkì Àgbáyé fún ní ìjọba tiwantiwa.

Ẹ wá bá mi sọdá sí Tógò, ọ̀nà etíkun kan náà, ìrìn wákàtí mélòó kan péré. Bó bá jẹ́ pé dídá owó dúró ló ń lé apàṣẹwàá, Gnassingbé Eyadéma, ààrẹ ológun ibẹ̀, ni ìbá kọ́kọ́ lọ. Àwọn náà ṣe àpérò tiwọn ní 1991, wọ́n sì gba ọ̀pọ̀ agbára lọ́wọ́ rẹ̀ fún Joseph Kokou Koffigoh tí wọ́n yàn ṣe olórí ìjọba fìdíhẹ. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún yẹn àwọn ológun yìnbọn wọ ọ́fíìsì Koffigoh, wọ́n sì mú un lọ bá Eyadéma. Àwọn òṣìṣẹ́ yan iṣẹ́ lódì fún oṣù mẹ́sàn-án láti oṣù Bélú 1992. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1993, àwọn agbófinró ìjọba yìnbọn pa àwọn afẹ̀hónúhàn ní Lomé nígbà tí mínísítà Faransé àti ti Jámánì wà nínú ìlú náà. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sá lọ sí Benin àti Gánà. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ìrànwọ́ dúró ní 1993, kò sì padà tán títí di 2007.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí Eyadéma? Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ní oṣù Ògún 1993 ló ti kéde pé òun gba ìbò tó lé ní ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún. Orí àlééfà ló kú sí ní ọjọ́ 5 oṣù Èrèlé 2005, lẹ́yìn ọdún 38, àwọn ológun sì gbé ọmọ rẹ̀ Faure jókòó kí òkú bàbá tó tutù. Faure ló ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ìwé òfin ilẹ̀ tuntun ti 2024 sọ ọ́ di olórí ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà, ipò tí ará ìlú kì í dìbò fún. Tógò ní fosifétì lábẹ́ ilẹ̀, ó ní èbúté Lomé tí ẹrù ilẹ̀ mìíràn ń gbà kọjá, ọmọ ogun náà jẹ́ ti ẹnìkan, Faransé sì ti padà wá bá a ṣe ní 1994. Àpò kan pa dé, òmíràn ṣí. Títì àti ilé ìwòsàn ìlú ló gba ìyà náà.

Àwa náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Abacha yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àtàwọn mẹ́jọ mìíràn ní oṣù Bélú 1995, àjọ Commonwealth lé Nàìjíríà sẹ́yìn, wọ́n kò fún àwọn ọ̀gá ológun ní físà. Ta ló ṣíwọ́ ríra epo rọ̀bì wa? Ikú ló mú Abacha lọ ní 1998.

Ní ti Báǹkì Àgbáyé, àwọn tó rò pé ó ń wo àpótí ìbò kí ó tó yáni lówó kò tíì ka ìwé òfin tó dá a sílẹ̀. Abala kẹrin, ìpín kẹwàá, sọ pé báǹkì náà àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ òṣèlú ọmọ ẹgbẹ́ kankan, pé irú ìjọba tí ilẹ̀ kan ń ṣe kò gbọdọ̀ yí ìpinnu wọn padà, pé ọ̀rọ̀ ajé nìkan ni kí wọ́n máa gbé yẹ̀ wò. Èyí tí mo mọ̀ pé ó kọ ìjọba ẹlẹ́gbẹ́ òṣèlú púpọ̀ sínú ìwé òfin tirẹ̀ ni báǹkì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991 fún Ìlà Oòrùn Yúróòpù. Ìdí nìyí tí Babangida fi rí owó Báǹkì Àgbáyé gbà fún àtúntò ọrọ̀ ajé ní 1986 nínú aṣọ ológun, láìsí ilé aṣòfin kankan. Ní Zaire, Erwin Blumenthal tí IMF rán lọ sí báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ náà kọ ìwé ní 1982 pé àwọn tó yí Ààrẹ Mobutu ká ń jalè láìbojúwẹ̀yìn, pé kò sí ìrètí pé àwọn ayánilówó yóò rí owó wọn gbà. Wọ́n kà á, wọ́n sì tún yá a lówó.

Ǹjẹ́ ó ti ṣiṣẹ́ níbì kan rí? Ó ṣiṣẹ́ ní Màláwì. Àwọn olùrànlọ́wọ́ dá owó dúró ní 1992, Hastings Banda gbà kí wọ́n dìbò lórí ẹgbẹ́ òṣèlú púpọ̀ ní 1993, ó sì fìdí rẹmi ní 1994. Ṣùgbọ́n ṣáájú kí owó tó dúró, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ti ka lẹ́tà tó bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba rẹ̀ nínú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Ní Kẹ́ńyà, wọ́n dá ìrànwọ́ tuntun dúró ní oṣù Bélú 1991. Kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, Daniel arap Moi ti yọ òfin ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kúrò. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló dìbò, ó fi nǹkan bí ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún wọlé torí pé àwọn alátakò pín sí yẹ́lẹyẹ̀lẹ, ó sì tún lo ọdún mẹ́wàá. Ohun tí àwọn olùrànlọ́wọ́ béèrè, ìdìbò ni. Ìdìbò ni ó sì fún wọn.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá bi mí bóyá kí wọ́n so ìrànwọ́ mọ́ àtúnṣe ìjọba tiwantiwa, n ó ní kí wọ́n so ó níbi tí ìlú ti dìde fúnra rẹ̀, tí aláṣẹ kò sì ní àpò mìíràn. Níbi tí nǹkan méjèèjì yìí kò bá sí, aláìsàn tó wà ní ilé ìwòsàn ni wọ́n ń fìyà jẹ. Ẹ tún wo Benin lẹ́nu ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ní oṣù Igbe 2019, ẹgbẹ́ òṣèlú méjì péré ni wọ́n jẹ́ kó díje fún ilé aṣòfin, méjèèjì ló wà lẹ́yìn Patrice Talon tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà, wọ́n sì gé íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ ìbò. Síbẹ̀, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2021, àwọn olówó Yúróòpù ra ìwé gbèsè Benin tó tó bílíọ̀nù kan yúrò. Ní 2022 IMF náà fọwọ́ sí ẹ̀yáwó tuntun.

Ohun tí èmi yóò fẹ́ kí wọ́n gbé síwájú ayánilówó kéré sí ìdìbò tí wọ́n ń béèrè, ó sì le jù ú lọ fún olè: kí ẹ̀yáwó kankan má di gbèsè ìlú àfi bí ilé aṣòfin bá ti rí i, tí wọ́n sì ti kà á jáde sétí ará ìlú. Ní Mozambique, orílẹ̀-èdè tó ń dìbò láti 1994, àwọn aláṣẹ fi orúkọ ìlú dúró fún ẹ̀yáwó tó lé ní bílíọ̀nù méjì dọ́là ní 2013 àti 2014, wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ ìpẹja ni wọ́n fẹ́ fi rà. Ilé aṣòfin kò fọwọ́ sí i. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò hàn sí ayé títí di 2016, ìgbà yẹn ni IMF tó dáwọ́ owó dúró. Àwọn ará ìlú kó ìbuwọ́lùwé jọ, wọ́n gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìwé òfin ilẹ̀ wọn, ní 2019 ni ìgbìmọ̀ náà sì dájọ́ pé ìdúró tí ìjọba ṣe fún ẹ̀yáwó ọkọ̀ ìpẹja náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lábẹ́ òfin.