Ohun tó gé dígí kì í ṣe dáyámọ́ńdì dandan

Ẹ̀gbọ́n kan tún pè mí láti Ìsánlú lálẹ́ àná. Wọ́n ní àwọn rí dáyámọ́ńdì lóko, ó mọ́ gaara bí omi, àwọn sì ti fi gé dígí wò. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo máa gbọ́ irú rẹ̀ lọ́dún yìí nìyí, ó ti sú mi. Quartz ni, òkúta líle kan tó wọ́pọ̀, ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ síbi òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọn bíríkìlà dà sílẹ̀, kó ṣa èyí tó funfun tó sì mú létí, kó fi fa ara ìgò. Mo ṣe é lójú àwọn ọmọ mi. Ó dún kẹrẹrẹ, ó fa ìlà funfun. A tutọ́ sí i, a fi aṣọ nù ún, ìlà ò kúrò. Ṣé òkúta bíríkìlà náà wá di dáyámọ́ńdì ni? Lórí òṣùwọ̀n líle tí Friedrich Mohs ará Jámánì gbé kalẹ̀ ní 1812, dígí wà ní nǹkan bíi 5.5, quartz wà ní 7, dáyámọ́ńdì wà ní 10. Ohunkóhun tó bá ti le ju dígí lọ á gé e.

Ẹ̀gbọ́n tún ní òkúta àwọn lójú mẹ́fà, orí rẹ̀ sì rí ṣóńṣó. Bí quartz ṣe ń hù nìyẹn!

Èmi náà tọ́jú irú rẹ̀ fọ́dún méjì. Ọkùnrin kan gbowó lọ́wọ́ mi pé òun á bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò rí i mọ́. Nígbà tó yá, mo gbé e sórí ìwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní Kàbà: gíráàmù 53. Mo bu omi kún ife dẹ́nu, mo gbé ife sínú àwo, mo rọra ju òkúta náà sínú rẹ̀. Mo fi síríńjì fa omi tó dà sínú àwo: mílílítà 20. Ẹ pín 53 sí ọ̀nà 20, 2.65 ni, ìyẹn iye gíráàmù tí mílílítà kan òkúta náà wúwo tó, ti quartz gẹ́lẹ́. Dáyámọ́ńdì tó wúwo tó yẹn ì bá lé mílílítà 15 péré jáde.

Mo gbà pé ilẹ̀ Yàgbà ní ohun iyebíye. Inú iṣan quartz, ìyẹn quartz tó gba inú àpáta kọjá bí iṣan, ni wọ́n ti ń rí wúrà Ìsánlú pàápàá. Ìyẹn ò sọ quartz di dáyámọ́ńdì.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé, ife àti síríńjì wà nílẹ̀.