Ta ló ń ka òkú Èkó?

Yorùbá ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ta ló wá ní kí a má ka òkú?

Àwa tí a wà l'Ékòó ní 2020 kò ní tètè gbàgbé. Bí alẹ́ bá ti lẹ́ dáadáa, fóònù á dún: àjọ NCDC, tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, ti gbé iye tòní jáde nìyẹn. Orúkọ ìpínlẹ̀, lẹ́yìn náà iye. Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún, èèyàn 553 ni wọ́n ní Kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Èkó nìkan kó 378, Àbújá tẹ̀lé e pẹ̀lú 52, ó ń wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ó fi kan Ọ̀ṣun tó ní ẹyọ kan. Ní ti àwọn tó ti kú, 273 ni wọ́n kọ, fún gbogbo Nàìjíríà lápapọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tó kú l'Ékòó lọ́jọ́ náà, kò sí i nínú ohun tó dé sórí fóònù rẹ̀.

A ò sọ èyí láti fi bú NCDC. Nínú gbogbo ohun tí ìjọba ṣe lọ́dún yẹn, bóyá la rí èyí tó dà bí iṣẹ́ gidi tó iye alaalẹ́ yẹn. Nígbà tí gómìnà Kogí ń pariwo pé kò sóhun tó ń jẹ́ Kòrónà ní ìpínlẹ̀ òun, NCDC ń kọ ohun tí wọ́n rí. Títí wọ́n fi ká ìwé náà kúrò nílẹ̀, èèyàn márùn-ún péré ló wà lábẹ́ orúkọ Kogí. Àrùn kọ́ ló sá fún Kogí, àyẹ̀wò ni kò débẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wa wà. Kì í ṣe iye ẹni tó ṣàìsàn lọ́jọ́ kan ni wọ́n ń kéde. Iye ẹni tí èsì àyẹ̀wò rẹ̀ jáde ni. Ẹni tí wọ́n ti òwú bọ̀ nímú lọ́jọ́ Ajé lè má wọnú iye títí di ọjọ́ Jímọ̀. Ẹni tí wọn ò tì í bọ̀ nímú rárá, a jẹ́ pé kò ṣàìsàn nìyẹn. Ní oṣù kẹrin, nígbà tí Etí-Ọ̀sà ń ṣáájú l'Ékòó, ará ìgboro ní àrùn olówó ni, pé kò mọ ilé ẹni tó ń mu gààrí. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó wọ bàálù dé àtàwọn tó sún mọ́ wọn ni wọ́n ń yẹ̀ wò jù nígbà náà.

Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ọdún yẹn, NCDC àti ilé ìwádìí ìṣègùn NIMR tó wà ní Yábàá gba ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn wò ní ìpínlẹ̀ mẹ́rin. L'Ékòó, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló ti ní àrùn náà rí. Ẹ jẹ́ ká ní mílíọ̀nù mẹ́wàá péré ni wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ìpínlẹ̀ á ní a ti lé ní ogún: mílíọ̀nù méjì èèyàn nìyẹn. Iye tó wà nínú àkọsílẹ̀ Èkó lásìkò náà kò tó 25,000.

Ó yẹ kí ti òkú rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ní àrùn lè máa rìn kiri kó má mọ̀, òkú kì í rìn. Síbẹ̀, òkú Kòrónà tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún Èkó títí wọ́n fi dáwọ́ kíkà dúró kò tó 800. Ó lè jẹ́ pé ọ̀dọ́ ló pọ̀ nínú wa, tí Ọlọ́run sì ṣàánú wa. Ó sì lè jẹ́ pé a kàn ń tan ara wa ni. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ọ̀kankan, ìyẹn ló ń bí wa nínú.

Ẹ fojú inú wo baba kan ní Muṣin lásìkò kónílé-ó-gbélé. Ikọ́ dá a dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n se àgbo dóńgóyárò fún un, ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò fi oògùn ibà lé e. Nígbà tó di Ọjọ́rú, àtimí di ogun. Ọmọ rẹ̀ ń wá mọ́tò, kò rí. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà, baba ti lọ. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n wé àlà mọ́ ọn, wọ́n kírun sí i lára, kí oòrùn tó kan àtàrí ó ti wà nínú sàréè. Àáfà kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan nítorí fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Nínú gbogbo ayé yìí, ìwé yẹn nìkan ni ikú baba náà wọ̀. Ká ní ọ̀dọ́ ni, ìkọ̀kọ̀ ni wọn ì bá ti sin ín, torí òkú ọ̀fọ̀ kì í ní pósítà.

Ní Kánò, lóṣù kẹrin kan náà, àwọn agbẹ́sàréè ló kọ́kọ́ figbe ta pé òkú ti pọ̀ jù. Ìjọba ní kì í ṣe Kòrónà. Nígbà tó di oṣù kẹfà, Mínísítà fún ètò ìlera, Osagie Ehanire, jáde sọ pé òkú 979 ni wọ́n rí ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ, pé ó ṣeé ṣe kí Kòrónà lọ́wọ́ nínú ìdajì wọn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé èyí tó ju ìdajì lọ ló kú sílé. Ilẹ̀ ti jẹ wọ́n tán kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.

Ìlú London ti ṣe ju èyí lọ nígbà tí kò tíì sí iná mànàmáná. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ọ̀sẹ̀ kì í lọ kí wọ́n má tẹ iye òkú ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan jáde. Àwọn ìyá àgbà ni wọ́n ń rán lọ wo òkú kí wọ́n lè sọ ohun tó pa á. Irọ́ wà níbẹ̀ o, torí ilé tí àjàkálẹ̀ bá wọ̀, wọ́n á tì í pa, ará ilé á sì fi owó di ẹnu ìyá àgbà. Àmọ́ ní 1662, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta ohun èlò aṣọ, John Graunt, jókòó ti àwọn ìwé yẹn, ó rí i pé bí wọ́n bá tilẹ̀ purọ́ ohun tó pa òkú, wọn ò lè purọ́ iye òkú.

Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba Èkó nìyẹn: kí wọ́n máa ka gbogbo òkú, ohun yòówù ì báà pa á, kí wọ́n sì máa gbé iye rẹ̀ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí àjàkálẹ̀ bá dé, kó di ojoojúmọ́. Ká sọ pé òkú ogójì ni Muṣin máa ń sin lọ́sẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá di ọgọ́rùn-ún, kò dìgbà tí èsì àyẹ̀wò bá dé ká tó mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Òfin ti wà láti 1992 pé dandan ni ká forúkọ òkú sílẹ̀ lọ́dọ̀ NPC, àjọ tó ń ka iye ọmọ Nàìjíríà. Àmọ́ ta ló ń lọ, bí kì í bá ṣe ẹni tí báńkì tàbí ọ́fíìsì ìfẹ̀yìntì ní kó lọ gba ìwé wá? Olóògbé tí kò ní owó ní báńkì, ikú rẹ̀ kì í dé ọ́fíìsì. Nítorí náà, kí ọ́fíìsì lọ bá a níbi tó wà: lọ́dọ̀ àáfà, lọ́dọ̀ pásítọ̀, ní mọ́ṣúárì, lẹ́nu géètì itẹ́ òkú. Kí wọ́n fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà tí yóò máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí, àti owó káàdì rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ló wà l'Ékòó, agbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ (LCDA) 37 wà lẹ́yìn wọn. Àwọn tó mọ iye ìsọ̀ tó wà nínú ọjà kan nítorí owó tíkẹ́ẹ̀tì, òkú kọ́ ni yóò ṣòro fún wọn láti kà.

Àwọn kan á ní a fẹ́ kó jìnnìjìnnì bá ará ìlú. Jìnnìjìnnì wo ló tún kù lẹ́yìn ohun tí WhatsApp fi ojú wa rí lọ́dún yẹn?

Lọ́sẹ̀ tí Èkó bá gbé iye àkọ́kọ́ jáde, a ó tẹ̀ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ní ojú ewé ìwé ìròyìn wa tí a máa ń gbé fọ́tò àwọn olóògbé sí.