Kí Ilẹ̀ Ipa Ẹsẹ̀ Àtayébáyé Di Ti Gbogbo Ènìyàn, Kí Wọ́n Sì Ṣọ́ Ọ

Níbikíbi tí wọ́n bá ti rí ipa ẹsẹ̀ ẹranko àtayébáyé lára àpáta, awuyewuye kan náà ló máa ń bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan á ní kí ìjọba gba ilẹ̀ náà fún gbogbo ènìyàn. Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n gé èyí tó dára jù lọ sí mùsíọ́ọ̀mù, kí àwọn tó ń fọ́ òkúta àti àwọn tó ń fi mọ́tò gun àpáta sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ti àwọn àkọ́kọ́ ni àwa ń ṣe.

Egungun tí wọ́n wú dáadáa ṣì lè sọ ọ̀pọ̀ ohun tó mọ̀ nínú mùsíọ́ọ̀mù. Ipa ẹsẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tó kọjú sí, bí ìgbésẹ̀ kan ṣe jìnnà sí èkejì, ẹranko tó kọ́kọ́ kọjá àti èyí tó wá tẹ ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, àmì ẹ̀kán òjò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: àwọn wọ̀nyí ni ẹ̀rí. Gígùn ìgbésẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò bí ẹranko ṣe ń sáré tó. Ẹni tó bá gé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lọ ti fi gbogbo èyí sílẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ wo òkè Robledo, nítòsí Las Cruces ní ìpínlẹ̀ New Mexico, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọdún 1987 ni Jerry MacDonald, olùṣèwádìí ohun àtayébáyé kan, rí ọ̀pọ̀ ipa ẹsẹ̀ níbẹ̀, tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bíi 280 mílíọ̀nù ọdún, kí dáínósọ̀ kankan tó dáyé. Ẹranko rìn lórí ẹrẹ̀ etí òkun, ẹrẹ̀ náà gbẹ díẹ̀, omi wá gbé iyanrìn kúnnákúnná bò ó. Ibi tí ìpele méjì ti pàdé ni òkúta náà ti máa ń là, ibẹ̀ náà sì ni ipa ẹsẹ̀ wà. Bí táyà mọ́tò bá gun etí irú òkúta pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀, ó lè sán láìjẹ́ pé awakọ̀ gbọ́ ohunkóhun. Omi òjò á wọ ojú sísán náà, á dì nígbà òtútù, á fẹ̀ ẹ́ sí i, títí odindi ìpele yóò fi yọ̀ sísàlẹ̀.

Ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2009 ni òfin tó sọ 5,280 éékà níbẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ìyẹn ilẹ̀ gbogbo ènìyàn tí ìjọba ń dáàbò bò, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nǹkan bí ọdún méjìlélógún lẹ́yìn tí wọ́n rí i! Irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ ni a kò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ níbòmíràn mọ́. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé wọ́n á lé àwọn kúrò, kí wọ́n ka òfin náà: mọ́tò ṣì lè gba ojú ọ̀nà tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ fún un, òfin sì fàyè sílẹ̀ kí ẹran máa jẹko níbi tó ti ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe àsán, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tó yí ìpele ẹlẹgẹ́ ká kò gba òkè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, ìwé òfin nìkan kò tó. Mill Canyon, nítòsí Moab ní ìpínlẹ̀ Utah, ilẹ̀ ìjọba ni. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, níbi tí wọ́n ti ń tún afárá tí àlejò ń gbà wòran ṣe, katakata gorí ibi tí ipa ẹsẹ̀ dáínósọ̀ wà, ó sì fọ́ lára wọn. Iṣẹ́ àbò gan-an ló di ìbàjẹ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: kí ẹ̀rọ kankan tó wọlé, kí wọ́n ri èèkàn mọ́lẹ̀ yí ibi ipa ẹsẹ̀ ká, nítorí awakọ̀ katakata kì í rí ìlà tó wà lórí máàpù. Kí onímọ̀ ipa ẹsẹ̀ wà níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́, kó sì ní àṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró.

Kí wọ́n sì ya àwòrán gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ní àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn rẹlẹ̀, torí pé ọ̀sán gangan a máa pa ojú ẹsẹ̀ tí kò jìn rẹ́. Kí àwòrán kọ̀ọ̀kan bo ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tó ṣáájú rẹ̀, kí igi ìwọ̀n sì hàn nínú rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè to gbogbo wọn pọ̀ bí ojú àpáta ṣe rí. Kí ẹnikẹ́ni má da rọ́bà tàbí píọ́pù sínú ojú ẹsẹ̀ láti fi ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láìgba àṣẹ. Bí wọ́n bá ń fà á yọ, ó lè bó ojú òkúta lọ.

Àwọn kan ní kí wọ́n kàn da erùpẹ̀ bò ó. Ó máa ń dára nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ onímọ̀ ni. Ní Laetoli ní Tanzania, níbi tí àwọn baba ńlá ènìyàn ti rìn lórí eérú òkè oníná ní nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ ọdún sẹ́yìn, erùpẹ̀ tí wọ́n dà sórí rẹ̀ ní 1979 ní èso igi kasíà (acacia) nínú. Igi hù, gbòǹgbò sì ń wá ìsàlẹ̀ bọ̀. Ní 1995 àti 1996, ó di dandan kí wọ́n gé igi, kí wọ́n tún un hú, kí wọ́n sì fi aṣọ tí ń dá gbòǹgbò dúró tẹ́ ẹ kí wọ́n tó tún un bò.

Nítorí náà, kí àwọn aṣòfin tó bá fẹ́ fọwọ́ sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọ owó onímọ̀ àti ti ẹ̀ṣọ́ sínú òfin kan náà, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìsúná ọdún àkọ́kọ́, kí wọ́n tó kọ́ afárá tàbí ibi ìgbọ́kọ̀sí fún àlejò kankan.